Oòrùn lè fọ omi ilé ìfọpo: kí ni yóò ṣe fún omi Ifẹ̀wàrà?

Ẹni tó bá gba Òṣú wọ Ifẹ̀wàrà, tàbí tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, kò ní ṣàì rí odò tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òjò máa ń sọ odò di pípọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti òjò kì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Èyí tí a ń sọ yìí kì í rọlẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí wúrà wà nínú ilẹ̀ yìí, láti Ifẹ̀wàrà títí dé Ìtàgúnmódì, Ìgún àti agbègbè Iléṣà, àwọn èèyàn sì ń wá a. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tó yí padà ni pé ẹ̀rọ tó ń fa omi àti katakata tó ń wa ilẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ́ àti igbá ṣe tẹ́lẹ̀. Oko kòkó tí bàbá gbìn fún ọmọ ti di kòtò. Omi tí wọ́n sì fi fọ iyẹ̀pẹ̀ náà, inú odò ló ń padà sí.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ìmọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri ayé, pé èèyàn lè fi ìtànṣán oòrùn fọ omi ìdọ̀tí tó ń jáde láti ilé ìfọpo rọ̀bì, kó sì padà di omi tó ṣeé tú sínú odò. Àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè pé tí oòrùn bá lè fọ omi tí epo bàjẹ́, ṣé kò ní lè fọ omi tí wúrà bàjẹ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, ibi tó sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn gan-an ló lè pa ọmọ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba Lẹ́kì lọ. Ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ni a kọ́ láti máa fọ àgbá rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú dísù jáde, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló kan pẹtiróòlù. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ Yorùbá, tó jẹ́ pé Port Harcourt, Warri àti Kaduna ló máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìfọpo, ti ní tirẹ̀ báyìí, tó sì tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ má sì rò pé Lẹ́kì jìnnà sí wa. Odò Ọ̀ṣun tó ń gba àárín ìpínlẹ̀ wa kọjá, inú ọ̀sà Lẹ́kì ló ń ṣàn lọ. Ohun tí a bá dà sí i níhìn-ín, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ.

Ilé ìfọpo kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Omi ni wọ́n fi ń ṣan iyọ̀ kúrò lára rọ̀bì kó tó wọ inú ìkòkò. Omi ni wọ́n ń sè di ooru tó ń ti iṣẹ́ síwájú, omi náà ni wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé omi ìdọ̀tí tó ń jáde lè tó bí ìdajì epo tí wọ́n fọ̀, ó tilẹ̀ lè ju iye epo náà lọ níbòmíràn. Ohun tó wà nínú omi yìí pọ̀: epo fúnra rẹ̀, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́, àti àwọn kẹ́míkà bíi benzene àti phenol tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ èèyàn léṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ omi náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ìyá wa ṣe ń yọ́ epo kúrò lójú ọbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró, epo á léfòó, wọ́n á yọ́ ọ. Wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀, kí ìfóòfó rẹ̀ gbé epo tó kù wá sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da á sínú adágún tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí wà, àwọn yẹn á jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbẹ̀yìn. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí kòkòrò kì í fẹ́ jẹ, tó jẹ́ pé àwọn kẹ́míkà náà ló máa ń pa kòkòrò. Omi náà lè mọ́ lójú, kó má rùn mọ́, síbẹ̀ kí májèlé ṣì wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kí oòrùn ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀tù funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide. Kì í ṣe àjèjì sí wa, òun ló ń mú kí ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé funfun, ó sì wà nínú ọ̀ṣẹ ìfọyín. Ní ọdún 1972, àwọn ọmọ Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì pé tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí ohun yìí nínú omi, ó lè pín omi sí afẹ́fẹ́ méjì tó para pọ̀ di omi. Àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì rí i pé ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtànṣán bá ti ba ẹ̀tù náà, agbára á jí nínú rẹ̀, á sì bí nǹkan kan látinú omi tí kì í pẹ́ láyé rárá. Kí a tó ṣẹ́jú ó ti kú, ṣùgbọ́n kó tó kú, ohunkóhun tó bá bá pàdé ló máa já sí wẹ́wẹ́. Tó bá bá èròjà epo pàdé, á já a, á tún já èyí tó kù, títí tí yóò fi ku omi lásán àti afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta.

Ẹ̀tù náà fúnra rẹ̀ kì í tán. Ẹ wò ó bí alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ó mú ọmọkùnrin mọ ọmọbìnrin, nígbà tí yìgì bá so tán, ilé rẹ̀ ló ń padà sí, ó sì lè ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Irú ohun bẹ́ẹ̀, tó ń mú iṣẹ́ yá tí kì í sì bá iṣẹ́ lọ, ni a ó máa pè ní amúṣẹ́yá nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Kí ló dé tí gbogbo ilé ìfọpo kò fi tíì sáré gbà á? Ìdí wà, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sì í fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo ìtànṣán oòrùn ni titanium dioxide ń lò. Èyí tí ojú wa kò lè rí, tó ń sun awọ ara òyìnbó, nìkan ló ń jí i, ìyẹn kò sì ju nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó ń dé orí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá amúṣẹ́yá mìíràn tó lè lo ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí. Ìkejì, ẹ̀tù náà kúnná débi pé yíyọ ọ́ kúrò nínú omi lẹ́yìn iṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀. Oòrùn kì í ràn lóru, bẹ́ẹ̀ ilé ìfọpo kì í sùn. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù fún àwa ará Ìjẹ̀ṣà ni pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wọ inú omi. Omi tó bá dúdú tàbí tó pọ́n, òkè rẹ̀ nìkan ni oòrùn ń rí. Ní Almería, lápá gúúsù ilẹ̀ Spain, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, ibùdó ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ti ń fi àwọn páìpù oníjígí dán iṣẹ́ yìí wò láti ọdún pípẹ́. Síbẹ̀, inú ilé àyẹ̀wò àti ibi ìdánwò ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà títí di òní. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n sì ń lò ó sí, lẹ́yìn tí epo, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí yòókù bá ti kúrò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ohun méjì pàtàkì ni àwọn oníwúrà fi ń ya wúrà kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta tí wọ́n ti lọ̀. Àkọ́kọ́ ni mẹ́kúrì, ohun tó dà bíi fàdákà tó yọ́, tó ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó máa ń gbá wúrà mọ́ra. Ẹni tó ń ṣe é á wá fi iná sun ún, mẹ́kúrì á di èéfín, wúrà á kù sínú àwo. Èkejì ni sáyánáìdì, májèlé tó máa ń yọ́ wúrà sínú omi. Odò Ọ̀ṣun ti fi ojú rí èyí. Nígbà tó di ọdún 2022, ọ̀rọ̀ náà ti le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé mẹ́kúrì, òjé àti sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń mu ún fún ìdí ẹ̀sìn tiwọn ló gba àfiyèsí àwọn oníròyìn jù. Ṣùgbọ́n omi kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún, bẹ́ẹ̀ náà ni májèlé.

Ohun ìyàlẹ́nu kan wà nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Ọ̀kan lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi amúṣẹ́yá oòrùn ṣe láti fi tún omi ṣe, ti epo kọ́ rárá, ti sáyánáìdì ni. Ní ọdún 1977, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Steven Frank àti Allen Bard, fi hàn pé titanium dioxide àti ìmọ́lẹ̀ lè sọ sáyánáìdì inú omi di ohun mìíràn tí oró rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìmọ̀ yìí kò kan ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa wúrà, kò mọ ìtàn rẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ kan bá ní adágún tí omi sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, tí omi náà sì ti rọlẹ̀ tó mọ́ gaara, oòrùn lè bá a dé ibì kan.

Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì ńkọ́? Òjé ńkọ́? Ibí ni bẹ́ẹ̀ kọ́ wà. Epo, phenol àti sáyánáìdì, ohun tí a so pọ̀ ni wọ́n, bí ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí èèyàn lè wó palẹ̀. Mẹ́kúrì àti òjé ni búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Oòrùn kò lè já wọn, iná kò lè jó wọn tán, kòkòrò kò lè jẹ wọ́n. A lè gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, a lè mú wọn so mọ́ ohun mìíràn kí wọ́n má baà rìn, ṣùgbọ́n a kò lè pa wọ́n. Mẹ́kúrì tó wọ odò lónìí á rì sínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di irú mìíràn tó burú jù ú lọ, ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, èèyàn á wá jẹ ẹja ńlá. Ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Minamata, níbi tí wọ́n ti ṣàwárí àìsàn náà ní ọdún 1956. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ ẹja omi náà nígbà tó lóyún ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọpọlọ, tí ìyá fúnra rẹ̀ tilẹ̀ lè máà mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ní ọdún 2013. Nàìjíríà buwọ́ lù ú. Ìwé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sì sọ pé àwọn tó ń wa wúrà ní kékeré ló ń tú mẹ́kúrì sínú afẹ́fẹ́ jù lọ láyé, ju ilé iṣẹ́ èyíkéyìí.

Ní ti òjé, a kò ní láti lọ sí Japan. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọ Mùsùlùmí bíi tiwa, ó ju irinwó ọmọ lọ tó kú láàárín oṣù díẹ̀. Òkúta wúrà ibẹ̀ ní òjé nínú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ òkúta náà, nínú ọgbà ilé wọn. Eruku rẹ̀ bà sórí ẹní, sínú omi kànga, sí ọwọ́ ọmọ tó ń rá. Àwọn òbí rò pé ibà ni. A kò sọ pé ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà. Òkúta ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ń gbé òkúta wúrà wá sílé láti lọ̀ ọ́, tàbí tó ń sun mẹ́kúrì nínú ilé ìdáná, yẹ kó mọ̀ pé bí ti Zamfara ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ síbi kòtò kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ nínú agbada kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa Mùsùlùmí ní pàtàkì, a sì fẹ́ kí àwọn àfáà wa bá wa là á yé àwọn èèyàn. Gbogbo wa la kọ́ ọ ní ilé kéwú pé a máa ń wo àwọ̀, adùn àti òórùn omi láti mọ̀ bóyá ẹ̀gbin ti sọ ọ́ di èyí tí kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá. A sì kọ́ ọ pé iyẹ̀pẹ̀ tó da omi rú kò sọ ọ́ di ẹ̀gbin. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi àfáà pé ṣé a lè fi omi odò tó pọ́n yìí ṣe àlùwàlá, ó ṣeé ṣe kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn rẹ̀ á sì tọ̀nà ní ti ìmọ́tótó ìjọ́sìn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ìyá Àwáwù wà lẹ́yìn, ó gbọ́ pé àfáà ní omi náà mọ́. Ó pọn ọ́n, ó fi ro ẹ̀kọ fún ọmọ. Ta ló ṣẹ̀? Omi tó mọ́ fún àlùwàlá àti omi tó dáa fún mímu, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mẹ́kúrì kì í yí àwọ̀ padà, òjé kì í rùn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti rí ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1978, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ àgbà ní Saudi Arabia jókòó lórí ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tún ṣe. Wọ́n ní tí àtúnṣe náà bá mú omi padà sí bó ṣe wà, tí àwọ̀, adùn àti òórùn ẹ̀gbin kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ó ti mọ́, wọ́n lè fi ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé tí mímu rẹ̀ bá máa pa ara lára, kí wọ́n yẹra fún un nítorí ìpalára náà, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀gbin. Ó yẹ kí a gbọ́ èyí lórí mínbárì ní Ifẹ̀wàrà àti Iléṣà ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó o.

Tó bá jẹ́ pé oòrùn kò lè pa mẹ́kúrì àti òjé, kí ló lè mú wọn? Inú ìpínlẹ̀ wa níbí ni apá kan ìdáhùn wà. Ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Unuabonah àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Potsdam ní Jámánì gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2013. Amọ̀ àti hóró ìbẹ́pẹ tí a máa ń dà nù ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n sì sun ún títí ó fi di ohun tó lè gbá àwọn èròjà bí òjé mọ́ra kúrò nínú omi. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ irú èyí ti ń tẹ̀ síwájú, títí kan síso amọ̀ mọ́ amúṣẹ́yá tó ń lo ìmọ́lẹ̀, kí ọ̀kan máa gbá májèlé mú kí èkejì sì máa pa kòkòrò àrùn. Ìjọ Kristẹni ló ni yunifásítì náà, a mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ọmọ tó ń mu omi ní Òṣú kò ní bi amọ̀ náà léèrè ibi tó ti ń jọ́sìn. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ìdí tí irú iṣẹ́ báyìí fi wà ní Ẹdẹ láti ọdún yìí wá, tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò fi gbé e lọ sí abúlé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń wa wúrà láti fi ṣe ìdánwò. Àmọ́ kí a má tan ara wa: amọ̀ tó ti gbá òjé mú tó ti yó, òun fúnra rẹ̀ ti di májèlé, ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n máa kó o sí.

Ní báyìí ná, kí ni ìdílé lè ṣe? A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n se omi náà, kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, tàbí kí wọ́n sá a sóòrùn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi sísè ń pa kòkòrò àrùn, kì í yọ òjé. Bí omi bá tilẹ̀ ṣe ń gbẹ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni òjé inú èyí tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ó sì lè mú díẹ̀ lára májèlé tó so mọ́ ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún èyí tó yọ́ sínú omi. Ti oòrùn, ó ní ìtàn tirẹ̀. Onímọ̀ kan ní Beirut, Aftim Acra, ló kọ́kọ́ fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1980 pé omi tí a bá sá sóòrùn nínú ike tó mọ́ gaara, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á rọ omi tí kò dọ̀tí sínú ike tí kò ju lítà méjì lọ, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ lórí páànù fún wákàtí mẹ́fà. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì ni. Omi tí èèyàn kò bá ti lè rí lẹ́tà ńlá inú ìwé ìròyìn láti apá kejì rẹ̀, kò mọ́ tó. Ó dáa fún omi òjò, ó dáa fún omi kànga tí ìgbẹ́ gbuuru ń bá wá. Fún omi tó ti ibi ìwakùsà ṣàn wá, kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì fi ro ẹ̀kọ.

Omi òjò tí a gbè látorí páànù tó mọ́, lẹ́yìn tí àkọ́rọ̀ bá ti fọ páànù náà, sàn ju omi odò yẹn lọ. Bọ́ọ̀hóòlù náà sàn jù, àmọ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀bá kòtò wúrà yẹ kó lọ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé táàpù lé e. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀hóòlù tí àwọn ọlọ́rẹ wa ń gbẹ́ fún mọ́sálásí gẹ́gẹ́ bí sàdákà, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni a ń rí lára rẹ̀, a kì í rí èsì àyẹ̀wò. Tí owó bọ́ọ̀hóòlù bá ti wà, owó àyẹ̀wò kò yẹ kó wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ. Ìjọba àpapọ̀ ni òfin gbé ohun àlùmọ́ọ́nì lé lọ́wọ́. Abuja ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀, abúlé ló ni omi tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi ń tọ́ka sí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ọdún 2007 kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó sọ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tún sọ pé kí ìgbìmọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Segilola tó wà ní agbègbè Ìperíndó, lápá ìlà oòrùn Àtàkúnmọ́sà, bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde, òun sì ni ibi ìwakùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì, èèyàn lè béèrè àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń dé lóru pẹ̀lú ẹ̀rọ, ni kò sí ẹni tó lè pè wọ́n sí ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, àwọn ọmọ ìlú kan ló ń fi ilẹ̀ hàn wọ́n, tí wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Ẹni tó ta oko kòkó bàbá rẹ̀ fún wọn kò lè máa bú Abuja nìkan.

Ọ̀dọ́ tó ń wa wúrà náà, ẹ má jẹ́ ká pè é ní ọ̀daràn ká sì lọ. Iṣẹ́ ló ń wá. Òun ló sì sún mọ́ èéfín mẹ́kúrì jù gbogbo wa lọ. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi lè dín in kù. Ìkòkò irin onídèérí kan wà tó ní ọ̀pá, tó máa ń gba èéfín náà padà kó tó wọ imú, tí mẹ́kúrì á tún padà di olómi tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò le láti rọ, alágbẹ̀dẹ Iléṣà lè rọ ọ́ bó bá rí àwòṣe. Ní ìpínlẹ̀ Benguet ní Philippines, àwọn tó ń wa wúrà ní kékeré ti ń fi bọ́ràksì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlo mẹ́kúrì rárá, wúrà tí wọ́n sì ń rí kò dín kù.

A fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àdínì ní Ifẹ̀wàrà, Òṣú àti Iléṣà fi ohun mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì ìpínlẹ̀ kí òjò tó tún dé: kí wọ́n yẹ omi odò àti kànga ibi ìwakùsà wò fún mẹ́kúrì, òjé àti sáyánáìdì, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin ní èdè Yorùbá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní àwọn abúlé tó sún mọ́ kòtò jù, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà àdéhùn ìdàgbàsókè èyíkéyìí tó bá wà han àwọn ìlú tó kàn. Tí wọ́n bá fún wa ní èsì, a ó gbé e jáde níbí, bó ti wù kó rí.